Kẹ̀kẹ́ Elésè Àlùkò Tí Iye Rà

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ ilé wa kó ara wọn jọ sí Odígbó láti ṣe ìrántí ìyá bàbá mi. Wọ́n se oúnjẹ, wọ́n kọrin, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Bàbá Akíndélé, àbúrò bàbá bàbá mi, pé kó sọ̀rọ̀ nípa òkú. Ó ní ìyá náà fẹ́ràn ọ̀ṣọ́ púpọ̀. Ó ní nígbà tó fẹ́ ra kẹ̀kẹ́, kò wo táyà, kò wo ṣéènì, kò wo bíréèkì, àwọ̀ nìkan ló ń wò. "Ẹ sáà mọ àwọn obìnrin," ló wí. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn kò fi ojú kan obìnrin náà rí.

Èmi fi ojú kàn án. Abẹ́ òrùlé rẹ̀ ni mo dàgbà sí. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, orúnkún mi kò sì jẹ́ kí n lè dìde lọ gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ṣì ń kọ̀wé. Ẹni tó bá ń retí kí n sọ pé onísùúrù ni ìyá bàbá mi, tàbí pé ìyá gbogbo ayé ni, kó dá ìwé yìí dúró síbí. Mi ò kọ ọ́ fún un.

Oríyọmí ni orúkọ rẹ̀. Iye ni àwa ọmọ ilé ń pè é, bí àwa Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ìyá. Ó ga, ó gbẹ, ohùn rẹ̀ sì le tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí ó bá kí ọ láàárọ̀, ìwọ ni yóò máa ro ohun tí o ṣe. Kì í bá ẹnikẹ́ni jẹun pọ̀. Yóò bu oúnjẹ tirẹ̀ sínú abọ́ kan tó ní ìlà búlúù létí, yóò jókòó kọjú sí ògiri, yóò jẹ ẹ́ tán, yóò fọ abọ́ náà fúnra rẹ̀, yóò sì gbé e sórí pẹpẹ tí ọwọ́ àwa ọmọdé kò tó. Gbogbo ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ló ní àmì. Ó fi òwú pupa so ẹsẹ̀ adìẹ rẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ gé ọrùn ọkọ́ rẹ̀ ní ìlà méjì. Bí o bá yá ìgbákọ rẹ̀, o ti yá wàhálà. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ lo abọ́ yẹn. Mo rò pé yóò gbá mi létí, ṣùgbọ́n ó dá mi lóhùn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ní, "Kó lè jẹ́ pé lọ́jọ́ tó bá fọ́, èmi ni mo fọ́ ọ."

Epo pupa ló ń tà. Ó máa ń rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń fún epo ní àwọn abúlé tó wà lójú ọ̀nà Àgbábù, á sì gbé e wá fún àwọn olóúnjẹ tó wà nítòsí gáréèjì ní Ore. Kó tó gba epo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, yóò ti ìka bọ inú garawa, yóò gbé ìka náà sókè sí oòrùn, yóò sì máa wò ó bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀tá. Àwọn elépo kórìíra ìka yẹn. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún un pé, "Ìyá, ṣé ẹ rò pé a fi omi là á fún yín ni?" Ó dáhùn pé, "Mi ò rò ó. Bí mo bá rò ó, mi ò ní wá."

Ọkọ rẹ̀, bàbá bàbá mi, kú nígbà tí mo ṣì kéré, ṣùgbọ́n mo ti tó ẹni tó ń rántí nǹkan. Kẹ̀kẹ́ dúdú kan wà nílé wa nígbà náà. Dúdú ni gbogbo kẹ̀kẹ́ tí ojú wa ń rí nígbà yẹn. Iye ló rà á láti inú epo rẹ̀, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ọkùnrin ni, ó ní ọ̀pá gíga láàárín, obìnrin tó ró ìró kò sì lè gbé ẹsẹ̀ kọjá rẹ̀. Nítorí náà, bí Iye bá di garawa epo mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ṣe ló máa ń tì í láti oko dé Ore. Bí ẹrù bá ti kúrò lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, bàbá àgbà ni yóò gùn ún lọ sí ìpàdé, lọ síbi ẹmu, lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ohun tí ojú ayé ń rí ni ọkùnrin lórí kẹ̀kẹ́ àti obìnrin tó ń fi ẹsẹ̀ rìn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹbí jókòó láti pín ẹrù òkú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyí. Wọn á kó gbogbo ohun tó jẹ́ ti òkú jáde sí àgbàlá: ìbọn rẹ̀, àdá rẹ̀, aṣọ rẹ̀, àga rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ilé á jókòó. Àwọn ìyàwó ilé á dúró lẹ́yìn wọn, wọn kò sì gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ àfi bí wọ́n bá bi wọ́n. Bàbá Akíndélé ni àbúrò òkú. Ó dìde, ó ti kẹ̀kẹ́ náà bọ́ sáàárín. Iye ní òun ló ni ín. Wọ́n ní ta ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ẹni tó tà á fún un ti kó lọ sí Bìní, kò sì sí ẹni tó mọ ilé rẹ̀ níbẹ̀. Bàbá Akíndélé fi ọwọ́ gbá ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó wa, kẹ̀kẹ́ dúdú nìyí, bíi ti gbogbo ọkùnrin. Níbo ni wọ́n kọ orúkọ obìnrin sí lára rẹ̀?"

Ó gùn ún lọ. Wọ́n ní ká má sọ̀rọ̀ òkú ní búburú, òun náà sì ti kú. Mi ò sọ ọ́ ní búburú. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mò ń sọ ọ́. Fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, Iye ń ru garawa epo lórí, títí irun àárín orí rẹ̀ fi re tán tí kò hù mọ́. Bàbá Akíndélé á gun kẹ̀kẹ́ kọjá lẹ́bàá ọ̀nà, á tẹ aago rẹ̀ kíríkírí, á kí i pé, "Ìyàwó wa, ẹ kú ẹrù o!" Iye á sì dá a lóhùn, "Ẹ ṣeun, sà." N kò gbọ́ kó ṣépè fún un rí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ fún mi nípa kẹ̀kẹ́ náà, nígbà tí à ń fi omi gbígbóná jó ọrùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ohun tí kò bá ní àmì, alágbára ló ni ín."

Ìgbà tí owó epo rọ̀bì gba ìlú kan ni wọ́n ń la ọ̀nà ńlá tó ti Èkó lọ sí Bìní, tó gba Ore kọjá. Ohun tí a kò rí rí ń dé sí ẹnu ọ̀nà wa láti òkè òkun. Kẹ̀kẹ́ obìnrin wà lára wọn. Kò ní ọ̀pá gíga láàárín, ó sì wà ní oríṣiríṣi àwọ̀. Ọmọ Ìbò kan tí wọ́n ń pè ní Sọ́ńdè ló ń tà á nítòsí gáréèjì. Á so wọ́n rọ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù bí ẹni sá aṣọ. Mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ nígbà náà, mo wá sílé fún ìsinmi, Iye sì ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sí Ore.

Sọ́ńdè gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó sì ti ní èrò tirẹ̀ nípa àwọn oníbàárà rẹ̀. Nígbà tí Iye ṣì ń rìn yí ṣọ́ọ̀bù ká, ó sọ fún mi pé, "Àǹtí, ọkùnrin á bi mí bóyá ó lágbára. Obìnrin á bi mí bóyá búlúù wà." Ó rẹ́rìn-ín títí. Kò bi wọ́n rí pé kí ló dé. Èmi jókòó lórí àpótí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì gbọ́ ohun tó yẹ kó ti gbọ́.

Obìnrin aládùúrà kan wá ra kẹ̀kẹ́. Ó kọ pupa, ó kọ dúdú. Ilé àdúrà rẹ̀ kò gba àwọ̀ méjèèjì láàyè nínú ọgbà wọn. Bó bá ra ọ̀kan nínú wọn, ìta ni yóò gbé kẹ̀kẹ́ sí lọ́jọ́ ìṣọ́ òru, olè yóò sì bá a gbé e lọ kí wọ́n tó ṣe àmín. Òmíràn wá, ìyàwó àlejò kan tó ń dá oko kòkó ní Aráròmí-Obù. Sọ́ńdè fa èyí tó ń dán jùlọ sílẹ̀ fún un, ó sì ń yìn ín. Obìnrin náà tọ́ka sí ọ̀kan tó ti ṣá lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, "Èyí tó dà bí eruku yẹn ni kí ẹ fún mi. Bí onílẹ̀ bá rí ohun tó ń dán lọ́wọ́ wa, yóò fi kún ìṣákọ́lẹ̀." Àwọ̀ ni gbogbo wọn ń yàn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi wọ́n rẹ́rìn-ín kò mọ ohun tí obìnrin ń fi àwọ̀ bò, kò sì mọ ohun tó ń fi í hàn.

Nígbà tó kan Iye, kò wo àwọn tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó bi Sọ́ńdè pé, "Èwo ni ọkùnrin kò rà lọ́wọ́ rẹ rí?"

Sọ́ńdè ronú. "Màmá, ọkùnrin ń ra dúdú, ń ra gíríìnì, ń ra búlúù. Pupa náà, àwọn ọmọ gáréèjì ń rà á."

"Mi ò bi ọ́ léyìí tí wọ́n ń rà."

Ó wọlé lọ, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì ti ọ̀kan jáde láti ẹ̀yìn àwọn páálí. Elésè àlùkò ni, ó dúdú díẹ̀, ó pupa díẹ̀, bí ìgbà tí ọ̀sán bá fẹ́ di alẹ́. Sọ́ńdè fi àkísà nù ún, àwọ̀ náà sì gba gbogbo ojú ọ̀nà. Àwọn ọmọ gáréèjì bẹ̀rẹ̀ sí súfèé. Sọ́ńdè ní, "Èyí ti pẹ́ níbí. Ọkùnrin kan kò bèèrè rẹ̀ rí. Obìnrin gan-an ń bẹ̀rù rẹ̀."

"Ṣé òmíràn bí rẹ̀ wà ní Ore?"

"Màmá, kò sí bí rẹ̀ títí dé Bìní."

"Òun ni mo fẹ́."

Ojú tì mí. Mo sún mọ́ ọn, mo rọra sọ ọ́ sí i létí pé, "Iye, ẹ jọ̀ọ́, ó ti ń pariwo jù." Kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó ní, "Kó máa pariwo. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ kó wá pariwo."

Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Pápá ilé-ẹ̀kọ́ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún, láàárọ̀ kùtù, kí àwọn ọmọ tó dé. Ó ṣubú, eékún rẹ̀ bó, ó dìde. Nígbà tó mọ̀ ọ́n gùn tán, ó tì í lọ sí ilé Olórí Ẹbí, èmi sì tẹ̀ lé e. Àṣà wa ni pé bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ra ohun ńlá, yóò gbé e lọ fún Olórí Ẹbí wò kí wọ́n lè fi àdúrà sí i. Àwọn ọkùnrin ilé wà lórí ìjókòó, àwọn ìyàwó ilé sì jáde wá wòran. Iye kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ọkọ mi, mo ra kẹ̀kẹ́, ẹ bá mi yọ̀."

Bàbá Akíndélé kọ́kọ́ la ẹnu sílẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà ló wá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ṣé wọ́n ti fi ọ́ jẹ bíṣọ́ọ̀bù ni? Àwọ̀ wo lèyí? Ọkùnrin wo ni yóò gun èyí láyé yìí?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Iye ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà, etí mi ti ń di. Ẹ bá mi tún un sọ."

Ó tún un sọ, ó fi ohùn sókè, ó sì na ọwọ́ sí kẹ̀kẹ́ náà bí ẹni tó ń fi olè han ọlọ́pàá. "Mo ní kò sí ọkùnrin tí yóò gùn ún!"

"Ṣé Bàbá gbọ́?" Iye ló ń bi Olórí Ẹbí.

Olórí Ẹbí ń nu omijé ẹ̀rín lójú. Ó ní òun gbọ́. Iye dúpẹ́, ó dìde, a sì lọ. Èmi ni mo ń sunkún lójú ọ̀nà, èmi akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí gbogbo ẹbí ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ pẹ̀lú ìyá bàbá rẹ̀. Ó jẹ́ kí n sunkún dé ìdajì ọ̀nà kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Nu ojú rẹ, Ìbídùn. Ẹ̀rín wọn ni mo lọ gbà."

Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Bàbá Akíndélé ń sọ ọ́ níbi ẹmu, ó ń sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, ó sì ń sọ ọ́ fún àlejò tí kò bi í. Ó pẹ́, ó di orin lẹ́nu àwọn ọmọdé Odígbó. Bí Iye bá ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá pẹ̀lú garawa epo lẹ́yìn, wọ́n á sáré tẹ̀ lé e, wọ́n á máa ké pé, "Ọkùnrin wo ni yóò gùn ún?" Iye á tẹ aago fún wọn.

Kì í ṣe pé ó ń gba ìwọ̀sí lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Wòlíì ilé àdúrà wa ríran sí i lọ́jọ́ ìsinmi kan, níwájú ìjọ, pé Ẹ̀mí ní kó fi kẹ̀kẹ́ náà ta ilé àdúrà lọ́rẹ kí wọ́n lè máa fi rán iṣẹ́ Olúwa. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni Iye máa ń jókòó sí. Ó dìde níbẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Wòlíì, ẹ bá mi kí Ẹ̀mí. Ẹ ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ ilé mi, kó wá sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀."

Èmi náà jẹ nínú ọwọ́ rẹ̀. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan lẹ́nu ọ̀nà pé kó dúró kí n fi kẹ̀kẹ́ wa gbé e dé òpópónà. Iye jáde láti inú ilé, ó gbá mi létí lójú ọ̀rẹ́ mi. Mo ti tó ẹni tí ọkùnrin ń wá fẹ́ nígbà náà. Ó ní, "Kẹ̀kẹ́ ta ni?" Mo ní, "Kẹ̀kẹ́ yín, mà." Ó gbé e fún wa, ó sì wọlé padà. Ìgbà tí mo padà dé ló tó sọ ìyókù: "Lọ́jọ́ tí mo bá ti jẹ́ kó di 'wa', ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn."

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ bàbá mi báyìí, kò sì rọrùn fún mi. Túnjí ni orúkọ rẹ̀. Òun nìkan ni ọmọ tó kù fún Iye. Ó ń wa katakata fún àwọn tó ń la ọ̀nà, owó oṣù rẹ̀ sì pọ̀ ju ti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Ó ra ẹ̀rọ orin tó ga dé àyà mi. Ó ra léèsì. Ó ní obìnrin ní Ore, ó ní òmíràn ní Bìní. Ìyá mi ti fi í sílẹ̀ tipẹ́. Bí ó bá yà sọ́dọ̀ wa, á jẹun, á na ara, á sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Iye, lóṣù tó ń bọ̀, màá ra nǹkan kan fún yín." Ìyá rẹ̀ á dáhùn pé, "Ọlọ́run á jẹ́ kí oṣù náà tètè dé."

Oṣù náà kò dé. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu Iye. Bí àwọn obìnrin bá yin ìró rẹ̀, á ní Túnjí ló rà á. Bí wọ́n bá wo bàtà rẹ̀, á ní, "Ọmọ mi ni o, ó ń tọ́jú mi gan-an." Èmi ni mo bá a lọ ra ìró náà, láti inú epo. Mo bi í pé kí ló dé tó ń fi irọ́ yìn ín. Ó ní, "Ìwọ kò tíì bímọ."

Ọ̀nà tí bàbá mi ń bá wọn là náà ni ọkọ̀ agégi kan ti pa á. Wọ́n gbé e wálé, a sin ín, ẹbí sì tún jókòó sí àgbàlá láti pín ẹrù. Ó ku ọdún kan kí n parí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Epo Iye ló ń gbé mi níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọrùn rẹ̀ kò sì lè ru garawa mọ́. Bí kẹ̀kẹ́ bá lọ, epo lọ. Bí epo bá lọ, ìwé mi lọ. Bàbá Akíndélé ti sọ ọ́ ní gbangba pé ọkọ ló yẹ mí, kì í ṣe ìwé. Ó tilẹ̀ ti bá onígẹdú kan sọ̀rọ̀.

Wọ́n pín ẹ̀rọ orin. Wọ́n pín léèsì. Bàbá Akíndélé wá ní, "Ó ku kẹ̀kẹ́."

Iye ní, "Kẹ̀kẹ́ wo?"

"Ìyàwó wa, kẹ̀kẹ́ mélòó ló wà níbẹ̀? Túnjí ló ń tọ́jú rẹ. Ìwọ fúnra rẹ lo ń sọ ọ́ kiri. Ìró rẹ, Túnjí ni. Bàtà rẹ, Túnjí ni. Ṣé kẹ̀kẹ́ nìkan ni kì í ṣe Túnjí? Ohun tí òkú fi owó rẹ̀ rà, tí kò pe ẹbí kó fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ lójú wọn, ẹrù òkú ni." Ó yíjú sí àwọn yòókù. "A ó kùn ún ní dúdú kó lè ṣeé gùn. Ọ̀dà ń bẹ ní Àgbábù, ilẹ̀ ló ń pọ̀ ọ́, a ò ní rà á."

Olórí Ẹbí kọjú sí Iye. "Oríyọmí, ṣé ọmọ rẹ ló rà á, àbí òun kọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà kò ní ibi tí ènìyàn lè gbà yẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kẹ̀kẹ́ ti lọ. Bí ó bá ní rárá, yóò sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí, nígbà tí yẹ̀pẹ̀ sàréè kò tíì gbẹ, pé ọmọ òun rí owó ní ìgbà tí gbogbo ayé rí owó, kò sì ra ohun kan fún òun rí. Pé irọ́ ni gbogbo ohun tí òun ń fi yìn ín. Bàbá Akíndélé mọ̀. Ó jókòó, ó ká ọwọ́ mọ́ra, ó ń wò ó. Mo la ẹnu láti dáhùn. Iye fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀, kò sì gbé e kúrò. Ó dákẹ́.

Àárín àwọn obìnrin tó dúró lẹ́yìn ni ohùn ti jáde. Ìyá Bọ́sẹ̀ ni, ìyàwó tó kéré jù nínú ilé, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó ń kọ ọ́ lórin, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún: "Ọkùnrin wo ni yóò gùn ún?" Ẹnì kejì gbè é. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, gbogbo ìyàwó ilé ti gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Olórí Ẹbí na ọwọ́ sókè. "Ta ló ní kí ẹ dá sí i?"

"Bàbá, ẹ dárí jì wá," ni Ìyá Bọ́sẹ̀ wí, ó kúnlẹ̀. "Àwa kọ́ la ni ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ Bàbá Akíndélé ni. A kàn ń bá a rántí rẹ̀ ni."

Àwọn ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ bo ẹnu. Olórí Ẹbí kò rẹ́rìn-ín. Ó bojú wo kẹ̀kẹ́ náà. Ó ní, "Bàbá Akíndélé, ìwọ lo sọ ọ́ níwájú mi, lórí ìjókòó mi, o sì tún un sọ, pé kò sí ọkùnrin tí yóò gùn ún. Túnjí ọkùnrin ni. Ọkùnrin wo ni yóò dé ọ̀dọ̀ oníkẹ̀kẹ́, tí yóò rí gbogbo àwọ̀ tó wà níbẹ̀, tí yóò wá fi owó rẹ̀ mú eléyìí? Obìnrin ló yàn án. Obìnrin ló ni ín. Ẹnu rẹ la ti gbọ́ ọ. Ẹ bọ́ sórí ohun mìíràn."

Bàbá Akíndélé ní òun ṣeré nígbà yẹn ni. Olórí Ẹbí ní kó máa ṣeré náà lọ. Kò sì sí ẹni tó tún bi Iye ní ìbéèrè kankan nípa ọmọ rẹ̀.

Mo parí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo kọ́ ọmọ púpọ̀ ní ìwé ní Ore àti ní Odígbó, mo sì kọ́ díẹ̀ nínú àwọn ọmọ Bàbá Akíndélé pẹ̀lú, ẹni tó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́dún tó kọjá wà lára wọn. Bí ó bá ka èyí, kó kà á dáadáa bí mo ṣe kọ́ ọ. Iye gun kẹ̀kẹ́ náà títí eegun rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Nígbà tó kú, àwọ̀ náà ti ṣá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bèèrè ẹni tó ni ín.

Lọ́jọ́ ìpín ẹrù yẹn, àwa méjèèjì la tì í padà sílé. Inú mi ń dùn, mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ. Mo ní, "Iye, a ti borí wọn!" Nígbà tí a délé, ó bu omi, ó mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí fọ kẹ̀kẹ́ náà bó ṣe máa ń fọ̀ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́, láti orí ọwọ́ rẹ̀ dé ìdí. Nígbà tó dé ibi ìjókòó, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé òkú ọmọ rẹ̀ wálé, kò tíì sunkún. Ìgbà yẹn ló sunkún. Ó gbé orí lé kẹ̀kẹ́ náà. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe. Mo gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, mo ní kó má sunkún mọ́, kẹ̀kẹ́ ti di tirẹ̀ láéláé, kò sí ẹni tí yóò gbà á mọ́.

Ó ní, "Ká ní òun ló rà á fún mi ni, Ìbídùn, kó tilẹ̀ dúdú, ǹ bá gbà á."